Páálí Tí A Fi Bo Ojú Mọ́ríámọ̀

Ọmọ náà jókòó sórí àga mi, ó ka lẹ́tà tó kéré jù lọ lára pátákó tó wà ní òdìkejì yàrá, kò sì ṣi ẹyọ kan. Mo ní kó wo ìta láti ojú fèrèsé. Ó ka nọ́ńbà takisí tó dúró sí òdìkejì títì Ring Road fún mi, ó sì fi kún un pé awakọ̀ náà ń jẹ ọsàn. Èmi tí mo jẹ́ dókítà ojú ò rí ọsàn kankan o.

Bàbá rẹ̀ tó dúró ti ẹnu ọ̀nà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

“Ẹ ṣé, Dókítà. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nǹkan kan ò ṣe ojú ẹ̀, ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Tí wọ́n bá ti gba ọlidé báyìí, ọ̀dọ̀ àbúrò mi ní Ṣakí ló ń lọ, kó lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Ọ̀rọ̀ ìwé ti tán.”

Mọ́ríámọ̀ lorúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Omi kàn lé ròrò sójú rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà sì dorí kodò.

Ó yẹ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ilé onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ mi. Ìbàdàn ni mo ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣiṣẹ́ ojú kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mò ń sọ yìí, lẹ́yìn ọdún 1990 díẹ̀, ilé ìwòsàn ojú kékeré kan ni mo wà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lórí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta fóòmù. Dókítà Àjàní ni ọ̀gá wa, àgbàlagbà tó fẹ́ràn ẹ̀pà, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Irinṣẹ́ wa ò ta yọ: pátákó lẹ́tà, férémù irin wúwo kan tí à ń ki awò bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí a ó fi rí èyí tó bá ojú mu, àti páálí dúdú olọ́wọ́ bí abẹ̀bẹ̀ kékeré, tí à ń fi bo ojú kan ká lè dán èkejì wò.

Oríṣiríṣi èèyàn là ń rí níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ní kí n ṣáà bá òun wá gíláàsì kan sójú. Ó lóun ń lọ rí àwọn àna òun lọ́jọ́ Sátidé, òun sì fẹ́ dà bí ẹni tó kàwé. Mo ní kó yáa lọ kàwé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Mọ́ríámọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Mo bi ìyá rẹ̀ pé ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀.

“Ó já bọ́ látorí igi gúáfà lẹ́yìnkùlé wa ní Ṣàngó, mà,” ló wí. “Orí ló fi gbálẹ̀. Ó dákú fún ìgbà díẹ̀, nígbà tó jí, ó bì. A gbé e dé ọsibítù, wọ́n ní eegun kankan ò ṣẹ́, wọ́n dá a dúró di ọjọ́ kejì, wọ́n ní ká máa mú un lọ. Láti ìgbà náà, tó bá ti gbé ìwé báyìí, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ọmọ tó máa ń ṣe ipò kìíní! Tíṣà ẹ̀ ní kò lè ka ìlà méjì mọ́.”

“Ẹ má dá a lóhùn,” bàbá já lu ọ̀rọ̀. “Ṣé ojú mìíràn ló fi ń kéwú ni? Lánàá òde yìí, ó ka Kùránì sí mi létí, kò ṣì í. Kéwú wẹ́wẹ́ yẹn! Ẹni tó rí ìyẹn kà, tó ní òun ò rí á-bí-dí, kí lẹ fẹ́ kí n pè é?”

Tí wọ́n bá ní ọmọ ò ríran, mo mọ ohun tí mo máa ṣe. Tó bá sì ríran, mo mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń ríran kà láti ọ̀tún sí òsì, tí kò rí i kà láti òsì sí ọ̀tún, wọn ò kọ́ mi nírú ìyẹn ní ilé ìwé kankan. Ọ̀rọ̀ náà sì wù mí mọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Bí mo ṣe rí nìyẹn: ohun tí kò bá yé mi, n kì í lè fi í sílẹ̀. Mo sáré lọ bá ọ̀gá nínú yàrá rẹ̀, mo rò fún un.

Ó ju ẹ̀pà kan sẹ́nu. “Òkèèrè lo wò. Ìtòsí ńkọ́?”

“Mo fún un níwèé, sà. Ó kà á díẹ̀, ó ní orí ń fọ́ òun.”

“Ẹni tó bá wo òkèèrè nìkan, ìdajì ojú ló wò. Ní kí wọ́n padà wá, kí wọ́n kó ìwé méjèèjì dání, ti kéwú àti ti sùkúù.”

Mo padà sọ́dọ̀ bàbá. “Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di Ọjọ́bọ̀.”

“Mi ò tíì lọ Mẹ́kà o,” ló wí, àmọ́ mo rí i pé inú rẹ̀ dùn díẹ̀. “Ọjọ́bọ̀ náà dáa. Ilé kéwú kì í jókòó lọ́jọ́ náà.”

Wọ́n dé lóòótọ́, gbogbo wọn. Ìwé Yorùbá ni mo kọ́kọ́ ní kí Mọ́ríámọ̀ kà. Ó gbé e sún mọ́ imú, ó gbé e jìnnà, ó yí ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nígbà tó yá ó fa etí ìborùn rẹ̀ wálẹ̀, ó fi bo ojú ọ̀tún. Ìgbà yẹn ló tó rí ọ̀rọ̀ díẹ̀ kà, ló bá tún fo ìlà.

“Kí lo fi ń bo ojú?”

“Wọ́n ń wọnú ara wọn, mà.”

“Àwọn wo?”

“Àwọn lẹ́tà. Wọ́n á di méjì, wọ́n á wá máa rìn wọnú ara wọn.”

“O ò sì sọ nílé?”

Ó wo bàbá rẹ̀ tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù. “Wọ́n ní kí n yé purọ́.”

Bàbá fajú ro. “Ó dáa, gbé Kùránì, kí Dókítà gbọ́.”

Ó ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn ọmọ yẹn dùn! Èmi ọmọ onítẹ̀bọmi ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ara mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Àmọ́ ojú rẹ̀ ni mò ń wò, kì í ṣe ẹnu. Ẹni tó ń kàwé, ẹyin ojú rẹ̀ á máa rìn: á fò, á dúró, á tún fò, tó bá dé ìparí ìlà á sáré padà. Ojú Mọ́ríámọ̀ ò rìn. Ó kàn là á sílẹ̀ sórí ìwé ni, bí ẹni tó ń wo iná àdògán.

N ò fẹ́ fọwọ́ kan Kùránì wọn, nítorí n ò ṣe àlùwàlá. Mo na ọwọ́ mú páálí dúdú lórí tábìlì, mo sì gbé e sí iwájú ojú rẹ̀ méjèèjì, láàárín òun àti ìwé.

Ọmọ náà ò dákẹ́. Ó ń kà á lọ geere.

“Sùbúhánálláhì!” Bàbá ti dìde. “Mọ́ríámọ̀! Kí lò ń kà?”

Ẹnu rẹ̀ dúró. “Ẹ má bínú, Bàbá mi. Mo ti há òmíràn sórí kí n tó ṣubú. Èyí tí n ò tíì há, mo máa ń tẹ́tí sí àwọn ẹgbẹ́ mi kó tó kàn mí níwájú Áfáà. N ò fẹ́ kí ẹ yọ mí níbẹ̀ náà.”

Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra. Bàbá jókòó gbì sórí àga, nígbà tó sì sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

“Dókítà, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ọ̀lẹ ni mò ń pè é, torí ọ̀lẹ ṣeé nà, á lọ. Ohun tó wà níkùn mi ni pé orí ọmọ mi ti dàrú níbi tó ti ṣubú. Mo ní kí n tètè wá iṣẹ́ ọwọ́ fún un kí ayé tó mọ̀.”

Àánú ọkùnrin náà ṣe mí. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń bú u nínú mi o, tí mò ń pè é ní olóríkunkun. Mo ní, “Bàbá Mọ́ríámọ̀, orí tó dàrú kọ́ ló há gbogbo èyí.”

Mo wá mú kálámù, mo gbé e sí iwájú ọmọ náà, mo ń fà á bọ̀ wá sí ìdí imú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì ní kí bàbá àti ìyá wá wò ó. Ojú òsì tẹ̀ lé kálámù dé imú. Ojú ọ̀tún tẹ̀ lé e dé ìdajì ọ̀nà, ló bá yà síta, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó lọ wo bọ́ọ̀lù. Mo ṣàlàyé fún wọn pé tí orí bá gbálẹ̀, ọpọlọ a máa mì nínú agbárí. Ojú fúnra rẹ̀ lè má bàjẹ́, síbẹ̀ agbára tó ń kó ojú méjèèjì pọ̀ á ti dín kù. Wíwo òkèèrè ò gbà á ní wàhálà. Àmọ́ kí èèyàn tó wo ìtòsí, àfi kí ojú méjèèjì yí sínú kí wọ́n pàdé lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìyẹn ni kò sì ṣeé ṣe fún Mọ́ríámọ̀.

Ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ wọlé. Irú awò kan wà tó nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó fẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Tí a bá kọ ibi tó nípọn sí ìhà imú, á bá ojú gbé nínú ẹrù náà, ojú ò ní máa yí sínú tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀gá ki ọ̀kan bọ férémù irin, ó gbé e sójú ọmọ náà.

“Èyí ńkọ́?”

“Méjì ṣì ni, sà.”

Ó pààrọ̀ rẹ̀. “Èyí?”

“Wọ́n ti sún mọ́ra.”

Ó tún pààrọ̀ rẹ̀, ó fi awò ìkàwé fúyẹ́ kan lé e. Mọ́ríámọ̀ na ìka, ó fi kan ojú ìwé, ó rẹ́rìn-ín. “Wọ́n ti di ẹyọ kan.”

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún níbẹ̀. Kí n sòótọ́, ojú èmi náà gbẹ ni? Kò gbẹ.

Ọ̀gá ò jẹ́ ká ṣàṣejù. Ó ní awò kì í ṣe idán. Èkó la máa ránṣẹ́ sí kí wọ́n tó gé e. Tó bá dé, ìgbà ìwé nìkan ni kó máa lò ó, kó kà á díẹ̀, kó sinmi, kó má sì gun igi kankan. Ojú ọmọ mìíràn máa ń tètè gbádùn, ti ẹlòmíràn á pẹ́. Bàbá Mọ́ríámọ̀ mi orí sókè sódò.

“Mo gbọ́,” ló wí. “Mo fún un ní tẹ́ẹ̀mù kan sí i. Tí kò bá rí ìwé kà lóòótọ́, Ṣakí ṣì wà níbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ ti ìyá yàtọ̀. Nígbà tí gíláàsì dé, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí ta ló máa fẹ́ ọmọbìnrin onígíláàsì. Mo ní mo mọ ọkùnrin kan tó ń wá gíláàsì kiri nítorí àtifẹ́ ìyàwó. Àwọn ẹgbẹ́ Mọ́ríámọ̀ kọ́kọ́ ń pè é ní Màmá Lọ́yà, Áfáà rẹ̀ ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́, tó ní gíláàsì ò ba àlùwàlá jẹ́.

Tẹ́ẹ̀mù parí. Mo kàn gbọ́ ẹsẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni, bàbá àti ọmọ ló wọlé. Páàtì mọ́tò ni bàbá ń tà, irin búréèkì kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ìwé ìròyìn Yorùbá wé. Ó tú irin náà sílẹ̀, ó na ìwé ìròyìn, gíríìsì ti ta sí i lára, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi.

“Dókítà, n kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń tàn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kankan ò tíì ka èyí sí i létí. Mọ́ríámọ̀, ó yá.”

Ó mú gíláàsì rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀. Ìròyìn nípa iṣu tó wọ́n lọ́jà ni. Kò sáré, ó ń dá ọ̀rọ̀ gígùn sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń rìn: ó fò, ó dúró, ó fò. Mo di àga mú.

Láìsọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, bàbá na ọwọ́ sórí tábìlì, ó mú páálí dúdú, ó gbé e sí iwájú ojú ọmọ rẹ̀.

Ọmọ náà dákẹ́ lójijì.

“Kà á lọ,” bàbá wí.

“Bàbá mi, ẹ gbé e kúrò. N ò rí nǹkan kan.”

“O ò rí nǹkan kan?”

“N ò rí nǹkan kan rárá!”

Bàbá kọjú sí mi, omijé ti ń dà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, páálí ṣì wà lókè. “Dókítà, ṣé ẹ gbọ́? Ó lóun ò rí nǹkan kan! Alihamudulilahi! Ọmọ mi ò rí nǹkan kan!”

Mọ́ríámọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ti páálí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ìka wá ibi tó ti dúró, ó sì ń kà á lọ.