Káàdì Tí A Gbé Sórí Pẹpẹ

Owó kan ń bọ̀ nínú ilé wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, gbogbo ẹni tó bá sì wọlé ló máa gbọ́ nípa rẹ̀ kó tó jókòó. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni, ní Thamesmead, nínú ilé alájà kan tí atẹ́gùn odò máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ wọlé. Auntie ló ni fúláàtì, èmi gba yàrá kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ ìròyìn pẹ́ ní Ìbàdàn kí n tó dé. Ní London, ọ́fíìsì ni mò ń gbá láàárọ̀. Auntie kì í pe orúkọ mi. “Akọ̀ròyìn” ló máa ń pè mí, pàápàá tó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́.

Owó orí ni owó náà. Iṣẹ́ méjì ni Auntie ń ṣe. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Woolwich lọ́sàn-án, ó sì ń nu ilé ìwé kan nírọ̀lẹ́. Ibi iṣẹ́ kejì yìí ti ń yọ owó orí rẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ láti ìgbà tó ti débẹ̀. Mo bá a kọ lẹ́tà, ìjọba dáhùn pé òótọ́ ni, àwọn máa dá èyí tó lé padà. Àwọn ọmọ kan ti fọ́ gbogbo àpótí lẹ́tà tó wà nísàlẹ̀ ilé wa, nítorí náà a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi ṣẹ́ẹ̀kì ránṣẹ́, kí wọ́n san án tààrà sínú àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì. Wọ́n gbà. Wọn ò sọ ọjọ́.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fẹ́ fi owó náà mú wá. Ọmọ náà ò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà tí Auntie fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ó ti ń lọ sí mọ́kànlá báyìí. Wọ́n ti fún un ní físà, ṣùgbọ́n ìparí oṣù keje ni físà náà máa kú. Tí kò bá tíì wọ̀lú nígbà yẹn, a máa tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìlà. Ọkùnrin kan wà tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú lókè ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní Woolwich, ọmọ ìlú wa ni. Ó ti bá Auntie di ìjókòó kan mú.

“Auntie,” ó sọ fún un níṣojú mi, “ọjọ́ Mọ́ńdè, aago márùn-ún. Tí n ò bá rí yín, mo máa tà á fún ẹlòmíì. Ẹ má bínú. Èmi náà ní ọmọ tí mò ń bọ́.”

Ẹ̀rọ tó ń pọ owó wà lára ògiri báńkì Auntie, nítòsí ọjà Woolwich. Ojoojúmọ́ ló ń débẹ̀. Ó máa ń kí ẹ̀rọ náà. Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ. “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.” Ó máa ki káàdì bọ̀ ọ́, ó máa wo iye tó kù, ó máa gba káàdì, á tún kì í bọ̀ ọ́.

“Auntie, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán ni.”

“Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà ló wà nígbà yẹn.”

Bàbá òyìnbó kan tó wà lẹ́yìn wa lórí ìlà bi mí bóyá ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Mo ní rárá o, owó tó yẹ kó wá látọ̀dọ̀ ìjọba là ń retí. Ó ní òun náà ń retí tòun, láti ìgbà tí ogun ti parí.

Nígbà tó ku Fúráìdé kan kí Mọ́ńdè onítíkẹ́ẹ̀tì pé, Auntie gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìjọ. Baba Ìjọ ti ní kó gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó má dá sí nǹkan ayé kankan, nítorí náà kò yà sí ìdí ẹ̀rọ. Láti ibi iṣẹ́, ìjọ ló gbà lọ.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, a ò sì ní ilé tiwa. Gbọ̀ngàn àdúgbò kan là ń háyà ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé àti àárọ̀ Sọ́ńdè. Bí a bá ti ṣe àmín tán, àwọn tó ń kọ́ ìjàkadì máa wọlé, a sì gbọ́dọ̀ ti kó pẹpẹ kúrò. Inú búùtù mọ́tò Baba Ìjọ ni pẹpẹ wa ń gbé: tábìlì kékeré tó ṣe é ká, aṣọ funfun, àbẹ́là, òróró, lọ́fínńdà, agogo. Mọ́tò yẹn kan náà ló fi ń ṣe mínííkábù, tó fi ń gbé èrò kiri. Tí èrò bá gbé ẹrù wá, ó máa ní kí wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀. “Búùtù ti kún,” ni ó máa ń wí, kò sì ní ṣàlàyé.

Auntie ro ẹjọ́ rẹ̀. Baba Ìjọ ní kó mú káàdì wá.

“Ṣé òun ni owó ń gbà wọlé?”

“Òun ni owó ń gbà jáde, Baba,” ni mo wí.

“Ilẹ̀kùn kan náà ni.”

Ó tẹ́ káàdì sórí pẹpẹ láàárín àbẹ́là mẹ́ta, ó ta òróró sí i. Ó wá béèrè ìwé ìrìnnà Auntie. Ó wà nínú báàgì rẹ̀. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wa ò jẹ́ fi ìwé ìrìnnà sílé. Ó gbé òun náà síbẹ̀, kí ọ̀kan má baà kọ èkejì sílẹ̀. Ó ní káàdì máa wà lórí pẹpẹ di Sọ́ńdè, ìwé ìrìnnà máa lo ọjọ́ méje.

Sátidé yẹn ni oòrùn mú jù lọ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn náà. Àwọn òyìnbó bọ́ṣọ sílẹ̀ létí adágún Thamesmead bí ẹ̀pà tí wọ́n sá sóòrùn. Baba Ìjọ ń kó èrò kiri láti àárọ̀, Dartford, Lewisham, Erith, pẹpẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó ṣí búùtù láàárọ̀ Sọ́ńdè, àbẹ́là mẹ́ta ti di ọ̀kan, káàdì wà láàárín wọn bí ẹja inú búrẹ́dì.

Ó fi ọ̀bẹ ha ìda kúrò lára rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, ó sì ha ìlà dúdú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa títí ó fi mọ́. Ó gbé káàdì sókè kí gbogbo wa rí i. Ó ti tẹ̀ láàárín.

“Ẹ rí i bó ṣe tẹrí ba,” ó wí. “Ó ti gbà.”

Ìjọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe é.

Ní Mọ́ńdè, bí Auntie ṣe kúrò níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, a jọ lọ sí báńkì. Ó tú káàdì kúrò nínú áńkáṣíìfù funfun, ó kí ẹ̀rọ, ó ki káàdì bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ náà gbà á tipátipá. Ó ń dún bí ẹni tí eegun ẹja há sí lọ́fun. Ó ti káàdì jáde díẹ̀, ó tún fà á wọlé, ó wá kọ ọ́ sójú pé òun ti gbẹ́sẹ̀ lé e.

“Kí ló wí?”

“Ó ní òun ò ní dá a padà fún yín.”

“Owó?”

“Káàdì.”

Auntie fi ọwọ́ kan ògiri náà jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn àna rẹ̀. “Ẹ dákun,” ó sọ fún ẹ̀rọ náà, “ẹ bì í padà. Mi ò bínú.”

A wọ inú báńkì. Ọmọbìnrin kan tó wọ gíláàsì gbọ́ wa, ó lọ sẹ́yìn, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì gbé káàdì náà bọ̀ lórí bébà.

“Madam, kí lẹ fi sí i lára?”

Auntie kì í parọ́ tó bá di nǹkan ìjọ. “Òróró.”

“Òróró tí ẹ fi ń se oúnjẹ?”

“Òróró àdúrà.”

Ọmọbìnrin náà wò mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Àti àbẹ́là,” Auntie fi kún un, “ṣùgbọ́n a ti ha ìyẹn kúrò.”

Ó ní káàdì tuntun máa tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó dé. Auntie ní òun ò béèrè káàdì, ṣé owó ti wọlé ni òun fẹ́ mọ̀. Ọmọbìnrin náà ní òun lè wò ó, òun sì lè san án níbẹ̀, bí òun bá ti rí ìwé ìrìnnà rẹ̀.

Auntie yíjú sí mi. “Akọ̀ròyìn,” ó wí, “ó wà nínú búùtù.”

Àwọn báńkì máa ń tètè tìlẹ̀kùn nígbà yẹn, kò sì sí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì mínííkábù tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Obìnrin òyìnbó kan ló máa ń jókòó ti rédíò níbẹ̀ tó ń darí àwọn dírẹ́bà. Mo ní kó bá mi sọ fún Baba Ìjọ kó gbé ìwé ìrìnnà tó wà lórí pẹpẹ wá sí báńkì kíákíá.

“Lórí kí ni?”

“Nínú búùtù.”

Ó sọ ọ́ sínú rédíò. Ohùn Baba Ìjọ jáde láti Plumstead, Yorùbá ni: “Ẹ sọ fún un pé ọjọ́ méje ò tíì pé.”

“Kí ló wí?” obìnrin náà bi mí.

“Ó ní òun ń bọ̀.”

Mo gba rédíò, mo sọ fún Baba Ìjọ pé bí báńkì bá tìlẹ̀kùn, ọmọ náà ò ní wá mọ́. Kò tún jiyàn. Kò pẹ́ tó fi dé iwájú báńkì, èrò kan ṣì jókòó sẹ́yìn tó gbé àpò ọ̀dùnkún lé ẹsẹ̀. Ó ṣí búùtù, òórùn lọ́fínńdà gba gbogbo òpópónà.

Ọmọbìnrin báńkì fi ìka méjì ṣí ìwé ìrìnnà náà. Òróró ti wọ inú rẹ̀. Ojú Auntie ń dán nínú àwòrán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìpara para. Ọmọbìnrin náà wo àwòrán, ó wo Auntie, tó ti làágùn tí ojú òun náà ń dán, ó ní ó jọ ọ́. Ó tẹ nǹkan lórí ẹ̀rọ iwájú rẹ̀.

“Owó yín ti wọlé,” ó wí. “Láti àárọ̀ Fúráìdé.”

Auntie di káńtà mú. Mo tẹnu bọ etí Baba Ìjọ, mo ní a ò tíì gbàdúrà rárá láàárọ̀ Fúráìdé.

“Ṣé o rí bí Ọlọ́run ṣe yára tó,” ó wí.

Auntie gbọ́ ọ. “Baba, láti Fúráìdé ni mi ò ti sùn. Owó wà níbí, ẹ sì gbé káàdì mi kiri Dartford.”

“Kí ló dé tí ẹ ò wò ó láàárọ̀ ọjọ́ náà?”

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbààwẹ̀.”

“Ààwẹ̀ oúnjẹ ni mo sọ. Mi ò sọ ààwẹ̀ báńkì.”

Wọ́n ka owó fún un. Baba Ìjọ kọ́kọ́ lọ já èrò rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dùnkún rẹ̀, ó wá gbé wa lọ sọ́dọ̀ onítíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ó nawọ́ sí Auntie.

“Owó mọ́tò. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì.”

“Baba, ṣebí iṣẹ́ Olúwa ni.”

“Iṣẹ́ Olúwa kì í gba inú rédíò.”

Auntie san án. Ó gun àtẹ̀gùn onítíkẹ́ẹ̀tì bí ọmọge. Ọkùnrin náà ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń sọ fún un pé ìjókòó kan lè ṣí sílẹ̀ tó bá fi máa di aago márùn-ún. Auntie ò kí i. Ó to owó náà sórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dè é. Ọkùnrin náà wo owó, ó wo Auntie.

“Ẹ má bínú, sir,” ó sọ sínú fóònù, “ìjókòó yẹn ti ní onílé.”

Ọmọ náà dé kí físà tó kú. Èmi àti Auntie la lọ pàdé rẹ̀ ní Heathrow. Obìnrin ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ló mú un jáde, ọmọ náà ga ju bí a ṣe rò lọ, ó wọ kóòtù onírun nínú oòrùn. Kò sáré. Ó wò wá dáadáa, ó wá kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ń dán náà níwájú Auntie. Àwọn òyìnbó ń yà fún un.

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìyá àgbà ní kí n kí yín. Wọ́n ní kí n má sunkún, kí ẹ̀yin náà má sunkún. Wọ́n ní ẹ máa fẹ́ sunkún.”

“Ta ló ń sunkún?” Auntie wí. Ó fà á dìde, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì kọjú sí ọ̀nà tí kì í ṣe ọ̀nà àtijáde. Wọ́n ti rìn jìnnà kí n tó sáré bá wọn.