Ohun tí Qòsím rí lẹ́yìn ilé ìdáná

Qòsím tó ń fi ẹ̀rọ lọ gbágùúdá l'Òsì kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Bí o bá kí i tayọ̀tayọ̀, yóò máa wò ọ́ bíi pé o fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó sì ku òun àti Mùfúlíátù, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ìfura náà wá légbá kan sí i. Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀ pátápátá. Ìdí ẹ̀rọ yẹn ni gbogbo ìròyìn ń gbà kọjá: ọmọ tí wọ́n ká tíràmádòlù mọ́ lọ́wọ́ n'Ídòfin, èyí tó mu kodíìnì tó sùn sójú títì l'Áràrọ̀mí. Bí àwọn obìnrin bá ti sọ̀rọ̀ tán, Qòsím á ní, "Tèmi kọ́. Ọmọ tí mo fi kéwú tọ́?" Ẹ̀rù sì ń bà á bó ṣe ń fọ́nnu yẹn.

Ààwẹ̀ ọdún yìí ló wá dójú ẹ̀. Mùfúlíátù jí, ó se sààrì fún bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pe ìrun àsùbáà, kò wá dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Ó ní òun ti kírun ní yàrá. Qòsím yọjú síbẹ̀: ẹní ìkírun wà ní kíká bó ṣe wà lánàá. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ẹ má pè é ní sùúrù o, ẹ̀rí ló ń kó jọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bẹ́líìtì ẹ̀rọ já, ó sì lọ sílé láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ti bá ọmọ rẹ̀ tó ń mu gààrí. Bí ọmọ náà ṣe rí i, ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di ọwọ́ kejì pinpin. Qòsím fipá tú ọwọ́ náà. Oògùn funfun ló bá níbẹ̀, kò ní páálí, kò lórúkọ.

"Aúsù bíllàhì! Tíràmádòlù nínú ulé mi? Ta ló fún ọ?"

Mùfúlíátù dorí kodò, kò fèsì. Lójú Qòsím, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í dákẹ́. Ó tẹ Waliyullah láago, àbúrò rẹ̀ tó ní ilé kéwú n'Ílọrin, pé kó wá mú ọmọ lọ lọ́jọ́ Sátidé. "Ìwé ti parí," ló wí. Bẹ́ẹ̀ ìdánwò Wáẹ́kì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ládùúgbò pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wu ọmọ yẹn. Ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún.

Qòsím gbé oògùn náà lọ sọ́dọ̀ Ìyá Keziah, obìnrin ìjọ Aládùúrà tó ń ta oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn. Ẹlẹ́rìí ló ń wá.

"Oògùn ara ríro lásán ni, èmi ni mo fún un," Ìyá Keziah dáhùn. "Unú ló ń run ún. Gbogbo oṣù ló ń mú un bẹ́ẹ̀."

"Gbogbo oṣù báwo?"

Obìnrin náà sún mọ́ ọn. "Bàbá Mùfúlí, ọmọ yín ti dàgbà o. Èmi tí mi ò kéwú, mo mọ̀ pé obìnrin yín kì í kírun, kì í gbààwẹ̀, bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dé. Ta lẹ rò pé ó ń bá a ra páàdì látọjọ́ yìí?"

Qòsím mọ òfin náà dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣe wáàsí lé e lórí rí ní mọ́sáláàsì. Pé ọmọ tó ń gbé síwájú ọ̀kadà lọ́jọ́sí ti di obìnrin ni kò wá sí i lọ́kàn. Tíràmádòlù àti kodíìnì ti gba gbogbo àyè tó wà níbẹ̀.

Ó padà sílé, ó pe Waliyullah lójú ọmọ rẹ̀ pé kó má wá mọ́. Ó rò pé inú Mùfúlíátù yóò dùn, kò dùn. Ojú ti Qòsím, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ ṣì le.

"Èmi bàbá rẹ wà ńlẹ̀, Ìyá Keziah lo lọ sọ fún?"

"Bàbá mi, ẹ má bínú." Ó nu ojú rẹ̀. "Tó bá jẹ́ tíràmádòlù lóòótọ́ ńkọ́, ta ni ǹ bá sọ fún?"

Wọ́n pe ìrun mọ̀ngàríbì. Qòsím bu omi ìṣínu sí ife méjì, ó sì gbé ọ̀kan fún ọmọ rẹ̀ kó tó mu tirẹ̀.