Ilé Tí Asiráńsì Ń Ṣọ́

Bí mo bá gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́, àbúrò bàbá mi ni mo máa ń rántí. Ọ̀gá ni ní ọ́fíìsì ìjọba ní Kútọnu, nígbà tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó kọ́ ilé páànù sí Kétu, ṣùgbọ́n ìgbà kọ́ńjé, tó bá gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, nìkan ló ń sùn níbẹ̀. Á fi kọ́kọ́rọ́ lu ògiri, á ní, "Asiráńsì ló ń ṣọ́ ilé yìí." Owó ló ń san fún asiráńsì, kí wọ́n lè san án padà fún un bí iná bá jó ilé tàbí bí olè bá jà á.

Ìyá tó bí òun àti bàbá mi wà nínú yàrá koríko tó ń jò. Asiráńsì méjì ló wà tó fẹ́ yan ọ̀kan nínú wọn. Èyí tó pọ́ọ́kú ní dandan ni kí ẹnìkan máa sùn nínú ilé.

Bàbá mi ní, "Ìyá wa ńkọ́?"

"Kí èéfín igi ìdáná wọn wá ba ọ̀dà mi jẹ́?"

Ó yan èyí tó wọ́n.

Òtútù òjò ọdún náà ló pa Ìyá. Ìgbà yẹn ni àbúrò bàbá mi wá ṣílẹ̀kùn gbayawu fún àwọn àlejò ìsìnkú. Ó ní a kì í sin àgbà sí ìgbẹ́, inú yàrá òun ni kí wọ́n sin ín sí.

Nígbà tí wọ́n bo ilẹ̀ tán, bàbá mi yíjú sí i.

"Àbúrò, padà lọ gba èyí tó pọ́ọ́kú. Ẹnìkan ti ń sùn nínú ilé rẹ báyìí."