Irun Orí Ganiat

Pópó Àgùdà ni wọ́n bí Nọ́ọ̀sì Kẹ́hìndé sí, kò sì jìnnà sí Ìsàlẹ̀ Èkó rárá. Ṣùgbọ́n láàárín ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Kò bá àwọn ọmọ agboolé Ìsàlẹ̀ Èkó ṣeré rí. Nígbà tó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì tán lókè òkun, tó padà dé ní 1954, àwọn ọmọ iléèwé ibẹ̀ ni ìjọba ní kó máa tọ́jú.

Làpálàpá ló bá lórí wọn níléèwé Mùsùlùmí kan. Ó mú abẹ, ó ń fá orí wọn, ó ń fi oògùn pa á. Ó wá kan Ganiat, ọmọ ọdún mẹ́fà, tó jẹ́ dàda. Ọmọ náà fọwọ́ méjèèjì bo orí.

"Màámi ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

Tíṣà Mọ̀núrù sún mọ́ wọn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀ ná. Wọn kì í déédéé gé irun dàda."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ṣé làpálàpá mọ dàda ni?"

Ó fá a.

Hàwáwù, ìyá ọmọ náà, dé lọ́sàn-án. Ó ṣa irun náà nílẹ̀ sínú ìborùn rẹ̀, ó pọn ọmọ, ó lọ.

Kò pẹ́ tí ibà fi dá Ganiat dùbúlẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì ti gbọ́, ó gbé báàgì oògùn, ó sáré wọ agboolé wọn. Hàwáwù dúró dí ẹnu ọ̀nà yàrá.

"Ìyá Ganiat, ibà lásán ni. Oògùn rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Ẹ jọ̀ọ́."

"Nígbà tí ẹ fẹ́ fá a lórí, ta lẹ bẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn ọmọ náà nínú yàrá, tó ń bèèrè omi.

"Orí rẹ̀ tẹ́ ẹ fá ló ń bínú," ni Hàwáwù wí. "Ẹ máa lọ."

Àwọn àgbà ilé fà á dìde, wọ́n sìn ín jáde. Ganiat kú kí ọjọ́ Jímọ̀ tó dé.

Láti ìgbà náà, nọ́ọ̀sì kì í fọwọ́ kan ọmọ kankan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ lọ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n á fún un ní àga, wọ́n á fún un lómi mu, wọ́n á ní ara gbogbo ọmọ le. Àwọn tí ara wọn ò le wà ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tí kò ti lè rí wọn.