Bírò Àbúrò Mi, Àwọ̀ Tèmi

Ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n sì ti ń ṣe fótókọ́pì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àpòmù, lẹ́bàá títì. Lára ògiri tó wà lẹ́yìn àga mi ni mo lẹ àwòrán kan mọ́, èyí tí àbúrò mi ọkùnrin fi bírò dúdú yà. Ẹja ńlá kan ni, ó hu ìwo bí àgbò, ó sì gbé odidi ìlú sẹ́yìn: ilé, mọ́ṣáláṣí, títí kan aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Àbúrò mi ní abẹ́ omi Àṣejíre ni ẹja náà ń gbé, àti pé bí mọ́tò bá ń kọjá lórí afárá, ńṣe ló máa ń séèémí kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ju àbúrò mi yìí. Ilé bàbá wa ní Ìkirè ló ń gbé, òun àti bàbá wa ni wọ́n sì jọ ń ṣe oko kòkó ní Ìkirè-Ilé. Láti kékeré ló ti ń yàwòrán, kì í sì í ya ohun téèyàn ti rí rí. Igi tó ń rìn ló máa ń yà, ẹyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́ páànù, ọba tí irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́ odò tí àwọn obìnrin ń pọnmi níbẹ̀. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tàbí àpò sìmẹ́ńtì, ibi tó bá ṣáà ti mọ́ ló ń yà á sí. Bírò dúdú nìkan ló ń lò.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ yà sí ṣọ́ọ̀bù wa láti tẹ ìwé jáde. Òǹkọ̀wé ni, ìtàn àwọn ọmọdé ló ń kọ. Ibi tó ti ń dúró de ẹ̀rọ ló ti rí ẹja oníwo yẹn, ó sì sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri.

"Ta ló ya èyí?"

"Àbúrò mi ni."

"Ṣé ó lè ya méjìlá fún mi? Ìtàn kan wà lọ́wọ́ mi tó ti ń wá irú ọwọ́ báyìí. Àmọ́ mo fẹ́ kí wọ́n ní àwọ̀ o. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn àwọ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ìkirè. Inú àbúrò mi kọ́kọ́ dùn, ṣùgbọ́n bí mo ti dárúkọ àwọ̀ báyìí, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ sọ fún wọn pé mi ò ṣe."

"Kí ló dé?"

"Mi ò kì í kun àwọ̀, Àǹtí mi."

"Tó bá jẹ́ tìyẹn ni, ìwọ ṣáà yà á. Èmi á kùn ún."

Ẹnu mi ló sáré sọ ọ́. Mi ò tíì fi kọ̀ǹpútà kun nǹkan kan rí ju lẹ́tà orí káàdì ìgbéyàwó lọ.

Ọ̀gá mi gbà mí láyè láti máa lo kọ̀ǹpútà nígbà tí oníbàárà bá dín kù. Mo fi ẹ̀rọ gbé àwòrán àkọ́kọ́ láti orí ìwé sínú kọ̀ǹpútà, mo sì ń wo fídíò lórí fóònù mi títí tí mo fi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ́ láílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara lé ìwé lórí, tó wá ń kun orí láílọ́ọ̀nù náà. Bí mo bá ṣàṣìṣe, mo lè ṣí i kúrò, kí ìlà tí àbúrò mi fà sì wà bó ṣe wà. Máòsì ni mo fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, ọrùn ọwọ́ a sì máa ro mí.

Ẹranko kan tó ń sùn nínú igbó ló wà nínú àwòrán àkọ́kọ́ yẹn. Mo fún ẹranko náà ní àwọ̀ pupa bí epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹbu dé, mo sì kun gbogbo igbó ní àwọ̀ ewé. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo ń fi han àwọn tó wá ṣe fótókọ́pì ìwé ẹ̀rí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí àbúrò mi kírun tán, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Àmọ́, Àǹtí mi, ẹranko náà dà?"

Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Mo nàka sí i. Ó sún mọ́ ọn, ó ń fi ìka tọ ìlà bírò tí òun fúnra rẹ̀ fà kó tó mọ ibi tí orí ẹranko náà wà. Ó ní àwọ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀.

Mo dìde, mo lọ ra ata rodo lọ́wọ́ ìyá tó pàtẹ síwájú ṣọ́ọ̀bù, èyí tó pọ́n àti èyí tí kò tíì pọ́n, mo kó wọn sórí tábìlì. "Èwo ló pọ́n níbẹ̀?" Ó fẹ́ tẹ̀ wọ́n wò, mo ní kó fi ojú nìkan sọ. Kò lè sọ ọ́.

Ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ní ìgbà tí òun wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun ya ewúrẹ́ kan, òun sì kùn ún. Tíṣà gbé ìwé òun sókè, ó ní kí gbogbo kíláàsì wá wo ewúrẹ́ aláwọ̀ ewé. Láti ọjọ́ yẹn ni òun ò ti fọwọ́ kan àwọ̀ mọ́.

"Mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń rí i nìyẹn," ó ní, "pé èmi ni mo kàn jẹ́ olódo."

Ọ̀rọ̀ kòkó wá sí mi lọ́kàn. Ọjọ́ pẹ́ tí bàbá wa ti ń bá a jà pé ó ń já kòkó tí kò tíì pọ́n mọ́ èyí tó pọ́n. Wọ́n ní àfira ń ṣe é, wọ́n ní àwòrán ti gbà á lọ́kàn. Àbúrò mi bẹ̀ mí kí n má sọ fún wọn. Mo sọ ọ́. Ọjọ́ Àìkú ni mo lọ bá wọn nílé, ojú rẹ̀ ni mo sì ti sọ ọ́.

"Bàbá, kì í ṣe àìbìkítà. Ojú rẹ̀ ò mọ ìyàtọ̀ pupa sí àwọ̀ ewé. Bí Ọlọ́hun ṣe dá a nìyẹn."

Bàbá wa mi orí. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n ìyá yín ọkùnrin kan wà tí òun náà rí bẹ́ẹ̀. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lóko ni." Wọ́n wá kọjú sí àbúrò mi. "Láti òní lọ, èmi ni n ó máa já kòkó, ìwọ ni wàá máa là á. Mo ti bú ọ ju bó ṣe yẹ lọ. Má bínú."

Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ kí bàbá wa sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa pé kó má bínú rí.

Mo padà sí Àpòmù, mo sì pa gbogbo àwọ̀ tí mo kùn rẹ́. Mo ní láti tún iṣẹ́ náà kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń kọ́kọ́ sọ àwòrán di dúdú àti funfun bíi fọ́tò àtijọ́, kí n lè rí bí ibi tó ṣókùnkùn ṣe yàtọ̀ sí ibi tó mọ́lẹ̀. Bí ẹranko ò bá yọ níbẹ̀, a jẹ́ pé mi ò tíì ṣe nǹkan kan. Mo jẹ́ kí igbó dúdú, mo jẹ́ kí ẹ̀yìn ẹranko náà mọ́lẹ̀ bí ẹni pé oòrùn àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bà á. Pupa rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá lè rí i. Nígbà tí àbúrò mi tún dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà gan-an, kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ó ń mí," ó ní.

Bí a ṣe ṣe àwọn tó kù nìyẹn. Mi ò bi í léèrè àwọ̀ rárá. Mo máa ń béèrè bí ibì kan ṣe rí lára rẹ̀, á ní ó tutù bí abẹ́ igi kòkó, tàbí ó gbóná bíi páànù lọ́sàn-án, èmi á wá wá àwọ̀ tó bá a mu. A jà lórí ọba onírùngbọ̀n odò. Mo fún odò náà ní búlúù, ó ní ó ti mọ́ jù, ó ní òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Mo yí i padà sí àwọ̀ ẹrẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀, nítorí ó dára ju tàkọ́kọ́ lọ.

Obìnrin òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé wá nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán. Orúkọ rẹ̀ wà lára èèpo iwájú ìwé náà, orúkọ àwa méjèèjì sì wà lábẹ́ tirẹ̀. Bàbá wa gbé e sórí àga lọ́dẹ̀dẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wá kí wọn lọ́sẹ̀ yẹn tí kò ṣí i wò. Ọ̀rẹ́ wọn kan ṣí i títí dé ìparí, ó ní, "Ọmọ yín ọkùnrin yìí, Ọlọ́hun fún un lẹ́bùn."

Bàbá wa gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ọkùnrin ló bí àwòrán yìí. Ọmọ mi obìnrin ló wọ̀ ọ́ láṣọ. Tún un wò."

Ẹnu ọ̀nà yàrá ni mo wà. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, mo wọlé lọ bu omi sínú ife, inú mi sì dùn débi pé mo gbé ife náà kalẹ̀ láìmu ún.