Ọ̀pá Tó Kù Lọ́wọ́ Ọ̀gá Tẹ́ṣàn

Ọ̀gá Tẹ́ṣàn ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ojú irin kò yà níbẹ̀ mọ́ láti ọdún mọ́kànlá. Ilé náà ṣì wà: yàrá tíkẹ́ẹ̀tì, yàrá iṣẹ́, bẹ́ǹṣì gígùn mẹ́ta níta, àti ilé kékeré lẹ́yìn, níbi tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti tọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo dàgbà. Ìyàwó ti kú. Ọmọ ti lọ sí ìlú ńlá. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, bàbá yìí á gbálẹ̀, á dé fìlà iṣẹ́ rẹ̀, á sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ń retí àlejò. Òun nìkan ló kù, òun àti ọ̀pá kan.

Lórí ọ̀pá náà lọ̀rọ̀ wà. Ojú irin kan ṣoṣo ló wà láàárín tẹ́ṣàn rẹ̀ àti tẹ́ṣàn tó tẹ̀ lé e. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé lórí rẹ̀, ẹkún ló kù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rọ ọ̀pá irin kan, tó gùn tó apá ènìyàn. Kò ní èkejì. Ẹni tí ọ̀pá kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ojú irin yẹn, ìbáà jẹ́ ọba. Ọ̀gá tẹ́ṣàn níbí á fi lé dírẹ́bà lọ́wọ́, ọ̀gá tẹ́ṣàn lọ́hùn-ún á gbà á, á sì lu agogo tí wáyà ń gbé lọ láti sọ pé ọkọ̀ ti gúnlẹ̀. Láàárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì á kọ́kọ́ lu agogo lẹ́ẹ̀mejì síra wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: mo wà níbí, ìwọ ńkọ́?

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni ọ̀gá tẹ́ṣàn lọ́hùn-ún fi ń dá a lóhùn. Ọdún kan náà ni wọ́n wọṣẹ́. Òdìkejì ni Ọ̀gá Tẹ́ṣàn ń pè é, Òdìkejì lòun náà ń pè é padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni wọ́n fojú kanra, torí kò sẹ́ni tó lè fi tẹ́ṣàn tirẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìyàwó Ọ̀gá Tẹ́ṣàn kú, Òdìkejì ló kọ́kọ́ gbọ́ lórí tẹlifóònù, kí ọmọ tó gbọ́.

Nígbà ayé ọkọ̀ náà, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló ń kọjá, tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́, alágbàṣe, adìyẹ nínú àgò, àti aláboyún tó ń lọ sílé ìwòsàn. Ìyàwó tuntun kan gbàgbé bàtà ẹsẹ̀ kan sórí bẹ́ǹṣì rí, kò sì padà wá mú un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n la títì. Bọ́ọ̀sì dé, ó ń gbé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ di ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó wá ku ọjọ́ Ẹtì nìkan. Àwọn ọ̀gá àgbà tí kò wọ ọkọ̀ náà rí wá kọ̀wé pé èrò kò pọ̀ tó. Èrò wo ni ì bá pọ̀ nínú ọkọ̀ tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pa mọ́?

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn, èrò mẹ́rin ló wà nínú ọkọ̀ tó ti ọ̀dọ̀ Òdìkejì bọ̀. Dírẹ́bà na ọ̀pá sí Ọ̀gá Tẹ́ṣàn, kò wò ó lójú, ó wa ọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá, kò sì padà mọ́. Inú ń bí Ọ̀gá Tẹ́ṣàn, kò sì rí ẹni tí yóò bú. Ó rántí pé ọmọ Òdìkejì ti ra bọ́ọ̀sì. Ó gbé tẹlifóònù.

“Ọmọ rẹ ló pa ọkọ̀ wa,” ó ní. “Ìwọ lo sì bí i.”

Òdìkejì rọra gbé tẹlifóònù tirẹ̀ sílẹ̀.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gá Tẹ́ṣàn lu agogo lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí èsì. Ó gbé tẹlifóònù, tẹlifóònù náà dákẹ́ lọ gbári; ó gbà pé Òdìkejì ni kò fẹ́ dá òun lóhùn. Ó lu agogo lọ́jọ́ kejì. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń lù ú láràárọ̀, ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Nígbà mìíràn ó ń bínú, nígbà mìíràn ojú ń tì í, ṣùgbọ́n kò sí òwúrọ̀ tí kò dùn ún.

Ìwé wá dé pé wọ́n fẹ́ wó ilé náà. Ọmọbìnrin rẹ̀ sáré wá.

“Bàbá, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo máa wá kó yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má di ẹrù tó pọ̀.”

“Ọ̀pá yẹn ńkọ́?”

“Bàbá, ẹ jù ú síbẹ̀.”

“A kì í jù ú.”

Òfin sì ni. Dírẹ́bà tàbí Òdìkejì nìkan ló lè gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. Dírẹ́bà kò sí. Nítorí náà, lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ọ̀gá Tẹ́ṣàn dé fìlà, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé ọ̀pá lé èjìká, ó sì wọ ojú irin. Máìlì mẹ́sàn-án ni. Bó ti ń rìn ló ń kọ́ ẹnu ara rẹ̀ ní ẹ̀bẹ̀: “Òdìkejì, ẹnu mi ló ṣẹ̀.” Bí kò bá dárí jì í, ó kéré tán, yóò gba ọ̀pá.

Nígbà tó dé orí afárá tó wà láàárín tẹ́ṣàn méjèèjì, ó gbójú sókè. Òpó wà. Wáyà kò sí. Wọ́n ti gé e lọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ìtàkùn ti gun àwọn òpó náà dókè. Ọ̀gá Tẹ́ṣàn jókòó sórí irin. Afẹ́fẹ́ lòun ti ń lu agogo fún láti ọjọ́ yìí! Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ni ó bà á. Bí Òdìkejì bá ti kú ńkọ́, tí kò sẹ́ni tó lè sọ fún un?

Òdìkejì kò kú. Ó jókòó síwájú tẹ́ṣàn tirẹ̀, fìlà iṣẹ́ lórí, eyín ló ti tán lẹ́nu. Ó wo ọ̀pá, ó wo ẹ̀yìn ẹni tó gbé e.

“Ọkọ̀ dà?”

“Kò sí ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn.”

“Ọdún mọ́kànlá ni mo fi lu agogo sí ọ,” ni Òdìkejì wí. “O kò dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan.”

“Èmi náà lù ú. Wọ́n ti gé wáyà lórí afárá.”

Òdìkejì yíjú wo agogo tirẹ̀.

“Kí ló dé tí o kò wá wò mí?” ni Ọ̀gá Tẹ́ṣàn bi í.

“Ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ. Ojú irin wo ni kí n gbà?”

“Títì ńkọ́? Ọmọ rẹ ní bọ́ọ̀sì.”

“Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí o sọ yẹn, bọ́ọ̀sì yẹn náà ni kí n gbé wá bá ọ?”

Ẹ̀rín bú lẹ́nu wọn, wọ́n rín títí ó fi di omijé. Ọ̀gá Tẹ́ṣàn ní ẹnu òun ló ṣẹ̀. Òdìkejì ní ó ti tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ bó ti yẹ. Òdìkejì gbọn eruku ìwé iṣẹ́, ó kọ ọjọ́, ó kọ aago, ó buwọ́ lù ú, ó sì fi ọ̀pá kọ́ sórí ìṣó tó ti ṣófo tipẹ́. Ọ̀gá Tẹ́ṣàn dìde, ó kọjú sí ojú irin.

Òdìkejì wúkọ́. “Níbo lò ń lọ?”

“Ilé ni.”

“Láìsí ọ̀pá?”

Ọ̀gá Tẹ́ṣàn dúró gbagidi. Kò rò ó débẹ̀. Bó ṣe jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ọmọ Òdìkejì ló gbé e padà nìyẹn, pẹ̀lú fìlà lórí orúnkún. Kí ó tó wọ bọ́ọ̀sì náà, Òdìkejì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Aago mẹ́fà ààbọ̀. Mi ò ní yé lù ú.”

“Wáyà kò sí.”

“Mo mọ̀.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọmọ rẹ̀ kó o lọ sí ìlú ńlá, sí yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí fèrèsé kọjú sí ògiri. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní Ọ̀gá Tẹ́ṣàn níbẹ̀. Bàbá lásán ni. Ó tètè lọ sùn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó sì fi ìka kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì.

“Bàbá, ṣé ẹ pè mí?” ni ọmọ rẹ̀ wí láti pálọ̀.

“Rárá, ìyá mi. Òdìkejì ni mò ń kí.”

Ó dúró níwọ̀n ìgbà tí èsì fi máa ń dé, kó tó dìde.