Ìró Tó Ń Bọ̀ Láti Apá Ọ̀tún

Ilẹ̀kùn tí gbẹ́nàgbẹ́nà yìí bá kàn kì í ha, ìdí nìyẹn táwọn ará ṣọ́ọ̀bù fi ń pè é ní Ógúnrégé. Ìró kan bíi kòkòrò tó ń jẹ pákó ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ní etí ọ̀tún. Ó fi ṣẹ̀fẹ̀, ó ní igi tóun ti gé ló ń gbẹ̀san. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ wá ń ti etí jáde, ẹ̀fẹ̀ tán. Jẹjẹrẹ ni.

Àwọn dókítà gé ihò etí náà kúrò, pẹ̀lú díẹ̀ lára egungun agbárí, wọ́n sì fi ẹran itan dí ojú ọgbẹ́. Àwọn ẹbí ní ikú tó fẹ́ pani tó ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ ló yẹ ká dá. Ó ní ti òun kì í ṣe fìlà, egungun ló mú lọ.

Apá ọ̀tún rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Bí ọkọ̀ bá fun fèrè, kò mọ ibi tó ti ń bọ̀, á kàn dúró gbagidi sójú títì. Lọ́jọ́ kan, pákó yẹ̀ lórí òkìtì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù pariwo láti apá ọ̀tún, kò mọ ibi tí ariwo ti ń bọ̀. Orí ló kó o yọ. Látọjọ́ náà, ó di kó fẹ̀yìn ti ògiri kó tó lè ṣiṣẹ́.

Dókítà ní ojú ọ̀nà nìkan ló dí, inú etí lọ́hùn-ún ṣì dá ṣáká. Àwọn lè lu ihò sí agbárí lẹ́yìn etí, kí wọ́n fi irin kékeré kan síbẹ̀, kí ẹ̀rọ máa gba ara egungun gbé ohùn wọlé. Ógúnrégé kọ̀ jálẹ̀.

"Èmi tí mò ń lu igi," ló wí fún ìyàwó rẹ̀, "mo mọ̀ pé òmíì máa ń là."

Ìyàwó rẹ̀ kò bá a jiyàn. Ó jókòó sí apá ọ̀tún rẹ̀, ó rọra sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pẹ́, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wá yí sí òsì.

"Bàbá wọn, ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Wọ́n lọ, àwọn dókítà sì fi irin náà sí i. Nígbà tí ọgbẹ́ jinná, nọ́ọ̀sì so ẹ̀rọ náà mọ́ ọn. Ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ ni kòkòrò tó ń jẹ pákó. Ó di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú: àìsàn náà ti padà!

"Kọ́là ẹ̀wù yín ló ń ha mọ́ ẹ̀rọ, bàbá."

Ó fa kọ́là náà sẹ́yìn, ìró ọ̀hún dákẹ́. Ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti apá ọ̀tún. Ohùn rẹ̀ dún bí ẹni tó wà nínú agolo, ṣùgbọ́n òun ni. Ógúnrégé ní kó tún un sọ.

Títí di òní, bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ti ń sún mọ́, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ á gbé àga wá sí apá ọ̀tún rẹ̀, wọn á jọ máa tàkúrọ̀sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, láìdárúkọ àìsàn.